Ìpinnu Yín Ni Adájọ́ Ń Wá: Mímúra Sílẹ̀ fún Ìdíje Ẹ̀rọ àti Sọ́fítíwìà Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, ẹ̀yin tí ẹ ti Ilé-Olújì, Ọ̀wọ̀ àti Àkùngbá wá, ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ sìn wọ́n wá, ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ ká kọjú sí i.

Ìkéde ìdíje sọ pé ẹ̀rọ tàbí sọ́fítíwìà tí ẹ máa gbé wá gbọ́dọ̀ jẹ́ àtinúdá yín. Ibẹ̀ ni àyà ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń já. Wọ́n á ní, kí ló tún kù láyé yìí tí òyìnbó ò tíì ṣe? Kò sí adájọ́ tó ń retí pé kí ẹ lọ ṣe chip tiyín. Arduino, bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ kóòdù sí, ti wà láti ọdún 2005, ní ìlú Ivrea ní Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. ESP32, chip oní-Wi-Fi tí gbogbo yín ń lò báyìí, iléeṣẹ́ Espressif ní Shanghai ló gbé e jáde ní 2016. Bọ́ọ̀dù dà bí ìkòkò: ẹni tó ra ìkòkò kò tíì se ọbẹ̀. Ohun tí adájọ́ ń wá ni ìpinnu tó jẹ́ tiyín. Kí ló dé tí ẹ fi mú sẹ́ńsọ̀ yìí, ìyẹn ohun tó ń wọn nǹkan fún ẹ̀rọ, tí ẹ fi tọ̀hún sílẹ̀? Kí lẹ fi wọ̀n ọ́n? Ibo ló ti kọ́kọ́ kùnà, kí lẹ sì yí padà? Ẹgbẹ́ tó bá ní èsì sí àwọn ìbéèrè yìí pẹ̀lú nọ́ńbà lọ́wọ́ ti ní àtinúdá, bí gbogbo ohun èlò rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ohun tí a rà lọ́jà.

Agolo ìdọ̀tí tó ń ṣí ìdérí fúnra rẹ̀, ilẹ̀kùn tí a ń fi fóònù ṣí, ẹ̀rọ tó ń pariwo tí omi bá kún táńkì: ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi díẹ̀. Kì í ṣe pé wọn ò wúlò. Kóòdù wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, adájọ́ sì ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ kí ẹ tó la ẹnu. Bó bá jẹ́ táńkì omi náà lẹ fẹ́ ṣe dandan, ẹ wá ibi tí ẹlòmíràn fò dá. HC-SR04, sẹ́ńsọ̀ onírò tí gbogbo ayé fi ń wọn omi, máa ń ṣì í nínú táńkì tí oòrùn ń pa, torí ìró ń yára sí i bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbóná: nǹkan bí 343 m/s ní 20°C, nǹkan bí 355 m/s ní 40°C. Lórí mítà kan, àṣìṣe yẹn ju 3 cm lọ. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ooru tún ìṣirò náà ṣe, tó sì fi rúlà hàn wá pé àṣìṣe ti dín kù, iṣẹ́ tirẹ̀ ló gbé wá, bí táńkì tilẹ̀ jẹ́ ohun àtijọ́.

Kí ẹ tó ra wáyà kan, ẹ fi ọ̀sán kan wá ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe. Google Patents, Espacenet àti Patentscope ti WIPO, àwọn ibi tí a ti ń wá ìwé pátẹ́ǹtì (ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí ohun tó dá) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í gba kọ́bọ̀. GitHub, níbi tí àwọn ènìyàn ń kó kóòdù wọn sí, náà ń bẹ. Ẹ má sì fojú fo yàrá ìkàwé ẹ̀ka yín, níbi tí ìwé iṣẹ́ àṣekágbá àwọn tó ti jáde kún sí. Àwọn adájọ́ tó jẹ́ olùkọ́ ló ṣe alábòójútó díẹ̀ nínú wọn. Ẹ fa ìlà sórí ìwé kan kó pín sí mẹ́ta: ohun tí a rí, ibi tó ti jọ tiwa, ibi tí tiwa ti yà. Iṣẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó. Bí apá kẹta bá ṣófo, ẹ tún èrò yín pa. Ó sàn kó ṣófo lójú yín ju kó ṣófo lójú adájọ́ lọ.

Kí ọ̀rọ̀ má baà máa fò lókè, ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan tó bá ilẹ̀ wa mu, ká sì tẹ̀ lé e délẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà níwájú nínú àwọn tó ń pèsè kòkó ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn tí àgbẹ̀ bá fọ́ kòkó, á kó hóró rẹ̀ jọ pẹ̀lú omi ara rẹ̀, á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7, á sì máa rò ó pọ̀ lóòrèkóòrè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Nínú òkìtì yẹn, ìwúkàrà á kọ́kọ́ sọ ṣúgà di ọtí, bakitéríà á wá sọ ọtí di ásíìdì, ooru á sì gòkè dé 45 sí 50°C. Ibẹ̀ ni adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ooru ò bá gòkè, inú hóró á ní àwọ̀ síléètì, á sì korò. Ọwọ́ ni àgbẹ̀ ń tì bọ òkìtì láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná. Ọwọ́ mọ gbígbóná mọ tútù, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún wa bóyá 43 ni tàbí 48, kò sì lè sọ aago tó gòkè ní òru. Ẹ̀rọ tí ẹ bá fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ ju ọwọ́ àgbẹ̀ lọ ní ibi méjèèjì yìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í rà á.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Fún iṣẹ́ kòkó yìí, ó lè kà báyìí: ẹ̀rọ yóò wọn ooru láti 20 dé 60°C, àṣìṣe rẹ̀ kò ní í ju 1°C lọ, yóò wọn ọ̀gbun mẹ́ta nínú òkìtì, ìyẹn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, yóò máa wọ̀n ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bátìrì rẹ̀ yóò dúró fún ọjọ́ 7 ó kéré tán láìgba ṣáájì, kò ní í nílò íntánẹ́ẹ̀tì lóko. Nítorí èyí tó kẹ́yìn yìí, ESP32 fúnra rẹ̀ ni yóò tan Wi-Fi tirẹ̀ tí àgbẹ̀ bá tẹ bọ́tìnì, fóònù àgbẹ̀ á sì kó nọ́ńbà lára rẹ̀. Ẹ kọ iye owó ohun èlò kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ béèrè rẹ̀, torí iye ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwé yìí ni ẹ máa fi bi ara yín léèrè ní gbogbo ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní “ẹ jẹ́ ká fi kámẹ́rà kún un” láàárín iṣẹ́, ẹ ní kó wá fi ibi tó wà nínú ìwé hàn yín.

Ó kan sẹ́ńsọ̀. DHT11 tó pọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣe é: 50°C ni òpin rẹ̀, òkìtì kòkó sì lè dé ibẹ̀, ojú rẹ̀ tó là sílẹ̀ kò tún lè gba ásíìdì. DS18B20 tó wà nínú ọ̀pá irin tí kì í dípẹtà ló yẹ. Ó ń wọn láti −55 dé 125°C, àṣìṣe rẹ̀ kò ju 0.5°C lọ láàárín −10 àti 85°C. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ láti iléeṣẹ́, nítorí náà mẹ́ta lè jókòó sórí wáyà dátà kan ṣoṣo. Ẹ fi resístọ̀ 4.7 kΩ so wáyà dátà náà mọ́ 3.3 V. Ẹni tó bá gbàgbé resístọ̀ yìí á máa rí −127 lójú kọ̀ǹpútà, á ní wọ́n ta sẹ́ńsọ̀ tó ti kú fún òun. Ohun tí −127 ń sọ ni pé kóòdù kò rí sẹ́ńsọ̀ rárá. Tó bá jẹ́ 85 gééré lẹ rí, sẹ́ńsọ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ kò tíì wọn nǹkan kan: bóyá ẹ ò dúró fún 750 ms tó nílò, tàbí iná rẹ̀ já lójijì. Àgbẹ̀ tó bá rí 85 lórí fóònù á sáré lọ tú òkìtì rẹ̀ ká. Kóòdù yín gbọ́dọ̀ da −127 àti 85 nù kí ó tó fi ohunkóhun pamọ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwọ̀n ìgbà yẹn kò bọ́ sí i. Ayédèrú DS18B20 pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ẹ ra márùn-ún fún iṣẹ́ tó nílò mẹ́ta. Ibi tí wáyà ti ń wọ inú ọ̀pá ni ásíìdì ń gbà wọlé. Ẹ fi gọ́ọ̀mù Araldite dí i, ẹ fa rọ́bà tí ooru ń sún kì bò ó, kí ẹ tó tì í bọ òkìtì.

Ibi tó ń pa iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ ni iná, kì í ṣe kóòdù, ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Ká ní ẹ̀rọ kòkó wa ń jí fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tó sì ń jẹ 100 mA (mA ni a fi ń wọn iná tó ń ṣàn) nígbà tó bá jí. Tí a bá pín in ká gbogbo àkókò, ìyẹn jẹ́ 0.56 mA péré. Gbogbo ènìyàn á ní bátìrì á pẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń jẹ nígbà tó bá sùn? Chip ESP32 fúnra rẹ̀ lè sùn pẹ̀lú nǹkan bí 0.01 mA, àmọ́ bọ́ọ̀dù tí ẹ rà ní iná pupa tí kì í kú, ó ní chip USB, ó tún ní regulator, ìyẹn ohun tó ń mú fóltì dúró sójú kan. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ 10 mA lójú oorun. Bátìrì líthíọ́mù 18650 tó jẹ́ 2,500 mAh (iye iná tó lè gbà), tí a bá ka 2,000 mAh nínú rẹ̀ sí èyí tó ṣeé lò, á pín sí 10.56 mA: wákàtí 189, kò pé ọjọ́ 8. Tí ẹ bá lo ESP32 lásán láìsí àwọn ohun àfikún wọ̀nyẹn, tí oorun rẹ̀ ò ju 0.1 mA lọ, bátìrì kan náà á lo ohun tó lé ní oṣù mẹ́rin. Ìṣirò tó gba ìlà mẹ́rin yìí ń wọ adájọ́ lára ju ojú ẹ̀rọ tí ẹ kùn ní ọ̀dà lọ. Lẹ́yìn ìṣirò, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí nọ́ńbà mítà bá ju ti ìwé lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ohun kan wà tí kò sùn.

Èkejì: bátìrì 3.7 V tí ẹ so mọ́ ẹsẹ̀ 5V lórí bọ́ọ̀dù. AMS1117, regulator tó wà lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, á jẹ nǹkan bí 1 V nínú rẹ̀, 2.7 V ló máa kù fún chip, ìyẹn kò sì tó o. Ó lè tan, ó lè ka sẹ́ńsọ̀, àmọ́ ìgbà tí Wi-Fi bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ni iná á ṣubú, ẹ̀rọ á tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí “Brownout detector was triggered” lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú kóòdù wò. Ẹ fi kóòdù sílẹ̀. Ẹ lo regulator tí kì í jẹ fóltì púpọ̀, bíi HT7833 tó lè gbé 500 mA, ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ 3.3V, kí ẹ sì fi kapásítọ̀ 470 µF, tó ń tọ́jú iná díẹ̀, sí ẹ̀bá chip gan-an. Ẹ tún fi ti 100 nF sí i. Ńlá ń gba ìpayà ńlá, kékeré ń gba èyí tó yára.

Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lo SIM800L, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń lo síìmù, láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní wàhálà tirẹ̀. Fóltì tó fẹ́ wà láàárín 3.4 àti 4.4. Ẹsẹ̀ 3.3V kò tó o, 5 V á pa á. Ó tún lè fa 2 A lẹ́ẹ̀kan náà fún ìṣẹ́jú bíńtín nígbà tó bá ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fi sí breadboard (pátákó oníhò tí a ń ki wáyà bọ̀ láìlo lẹ́ẹ̀dì) kò sì lè gbé e. Ẹ fún un ní bátìrì tààrà, wáyà kúkurú tó nípọn, àti kapásítọ̀ 1,000 µF.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tan móńtọ̀ tàbí relay (swíìṣì tí iná kékeré ń tan): relay 5 V tó wọ́pọ̀ ń jẹ nǹkan bí 70 mA, ẹsẹ̀ Arduino Uno kan kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 40 mA rárá. Transístọ̀ BC547 tàbí 2N2222, resístọ̀ 1 kΩ sí ẹsẹ̀ àárín rẹ̀, díódù 1N4007 ní ẹ̀yìn-sí-iwájú lórí wáyà relay. Láìsí díódù yẹn, ìgbà tí relay bá kú, iná tó ń ta padà lára rẹ̀ á pa transístọ̀. Ẹ sì fi regulator LM7805 sílẹ̀ fún àwọn iṣẹ́ kékeré: láti 12 V sí 5 V, ní 0.5 A, ó ń sọ 3.5 W di ooru lásán. Ẹ ó fọwọ́ kàn án, ẹ ó mọ̀. LM2596, regulator tí kì í sọ iná púpọ̀ di ooru, ló yẹ níbẹ̀.

Lórí bátìrì líthíọ́mù, kò sí eré. Ọ̀pọ̀ yín ń ra èyí tí wọ́n yọ lára láptọ́ọ̀pù àtijọ́. Èyí tí mítà bá fi hàn pé fóltì rẹ̀ ti wá sí ìsàlẹ̀ 2.5, ẹ má gbìyànjú láti jí i. Irú TP4056 méjì, bọ́ọ̀dù tí a fi ń fún bátìrì ní ṣáájì, ló wà lọ́jà. Ẹ ra èyí tó ní ààbò, tí ẹ máa rí OUT+ àti OUT− lára rẹ̀. Ó ń fi 1 A fún bátìrì ní ṣáájì bí wọ́n ṣe ṣe é, ìyẹn sì ti pọ̀ jù fún bátìrì kékeré, resístọ̀ 1.2 kΩ tó wà lórí rẹ̀ ni ẹ máa pààrọ̀. Ẹ má fi irin gbígbóná lẹ́ẹ̀dì kan ojú bátìrì. Ẹ ra ilé bátìrì.

Breadboard dára fún tábìlì ilé. Ẹ má gbé e lọ ìdíje. Ọ̀nà láti Ọ̀wọ̀ sí Àkúrẹ́ nìkan ti tó láti tú wáyà mẹ́ta. Vero board, pátákó oníhò tí a ń fi lẹ́ẹ̀dì jó ohun èlò mọ́, ti tó, bó bá ti mọ́, tí lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì ń dán. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síwájú lè fi sọ́fítíwìà KiCad ya bọ́ọ̀dù tirẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kó sì rántí pé ìlà bàbà tó máa gbé 2 A kò gbọ́dọ̀ tín ju 1 mm lọ lórí bàbà 35 µm. Bọ́ọ̀dù tí ẹ bá pàṣẹ fún láti Ṣáínà lè pẹ́ lọ́nà, nítorí náà ẹ ṣe é tán lórí Vero board kí ẹ tó pàṣẹ. Abọ́ oníke tó ní ìdérí, tí ẹ rà ní Ọjà Ọba, lè jẹ́ ilé ẹ̀rọ tó bójú mu tí ẹ bá lu ihò wáyà sí ìsàlẹ̀ kí omi òjò má baà tọ wáyà wọlé.

Ó kan kóòdù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni delay(), àṣẹ tó ní kí ẹ̀rọ dúró láìṣe nǹkan kan. Ẹ̀rọ tí ẹ bá kọ delay(60000) fún ti di adití fún ìṣẹ́jú kan. Kí adájọ́ máa tẹ bọ́tìnì, kò ní í dáhùn. Ẹ lo millis(), tó ń ka àkókò láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti tàn, kí ẹ yọ àkókò ìgbà tó kọjá kúrò nínú ti ìsinsìnyí, torí nọ́ńbà yẹn ń padà sí òdo lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 49.7, ìyọkúrò kì í sì í ṣìnà nígbà náà. Lórí Uno, int, irú nọ́ńbà odidi nínú kóòdù, kò lè gbé ju 32,767 lọ. Ẹni tó bá kọ 60 * 1000 níbẹ̀ á gba −5536, á sì máa wá ẹni tó ṣe é. Ẹ kọ ọ́ ní 60UL * 1000UL. Lórí ESP32, ìlà kan náà kì í fa wàhálà, ìdí nìyẹn tí kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín fi lè kú lọ́wọ́ yín. EEPROM inú Uno, ìyẹn ìrántí tí kì í parẹ́ tí iná bá lọ, ẹ̀rí iléeṣẹ́ lórí rẹ̀ kò ju kíkọ 100,000 lọ. Tí ẹ bá ń kọ sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá, wákàtí 28 ti gbà á tán. Lórí ESP32, ẹ so sẹ́ńsọ̀ tó ń fún yín ní fóltì mọ́ ẹsẹ̀ ADC1 (ADC ló ń sọ fóltì di nọ́ńbà), ìyẹn GPIO 32 sí 39, torí ADC2 kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí Wi-Fi bá ń lọ. Bátìrì tó kún jẹ́ 4.2 V, ẹ̀rọ ò sì gbọ́dọ̀ rí ju 3.3 lọ: resístọ̀ 100 kΩ méjì á pín in sí 2.1.

Ẹ̀yin tí sọ́fítíwìà nìkan lẹ fẹ́ gbé wá, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Tí áàpù yín bá ń bá ará oko sọ̀rọ̀, Yorùbá ló máa sọ, àmì ohùn sì ní ìdẹkùn tirẹ̀. Nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, “ọ” ní nọ́ńbà kan, U+1ECD, ṣùgbọ́n “ọ̀” kò ní tirẹ̀. Lẹ́tà méjì ni kọ̀ǹpútà ń rí, ọ àti àmì U+0300. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ ọ́ ní ọ̀nà kan, òmíràn á kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn. Ojú yín á rí “ọ̀gẹ̀dẹ̀” méjì tó jọra, kọ̀ǹpútà á ní wọn ò dọ́gba, ìwádìí á sì padà wá ní òfo. Ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń mú kí ìkọ̀wé wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí ẹ tó fi pamọ́, kí ẹ sì ní ẹ̀dà kejì tí ẹ ti yọ àmì kúrò lára rẹ̀ fún ìwádìí, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí ohun tí wọ́n ń wá. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ńkọ́? Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ń gba lẹ́tà 160. Lẹ́tà kékeré à, è, é, ì, ò àti ù wà nínú àwọn lẹ́tà tó mọ̀. Tí “ẹ”, “ọ”, “ṣ” tàbí “á” kan ṣoṣo bá ti wọ inú rẹ̀, àyè á sọ̀kalẹ̀ sí 70, “ẹ̀” á sì gba àyè méjì. Ìkìlọ̀ tí ẹ rò pé ojú ìwé kan ni á di mẹ́ta, owó rẹ̀ náà á di mẹ́ta. Ẹgbẹ́ tó bá mọ èyí kó tó kọ ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ rẹ̀ ti ṣíwájú.

Ìdánwò ni ọ̀pọ̀ ń fò. Fún ẹ̀rọ kòkó, ẹ fọ́ yìnyín sí wẹ́wẹ́ sínú ife, ẹ da omi díẹ̀ sí i, ẹ rò ó, ẹ ti ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 5. Gbogbo wọn yẹ kó wà láàárín −0.5 àti 0.5°C. Lẹ́yìn náà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bíi 40°C, kí ẹ fi tẹmomítà tí nọ́ọ̀sì ń lò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ kọ ìyàtọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ wá gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọjọ́ 3 láìfọwọ́ kàn án. Ní ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìwọ̀n 144 ló yẹ kí ẹ bá fún sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ 139 lẹ bá, ẹ kọ 139, kí ẹ sì sọ ibi tí 5 wọlé sí. Adájọ́ tó bá rí 144 pérépéré lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Ìwé ìtàn iṣẹ́ yín ni ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ lo Git, tó ń tọ́jú gbogbo ìyípadà kóòdù, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹni kọ̀ọ̀kan máa fi iṣẹ́ tirẹ̀ sí i lórúkọ ara rẹ̀. Kóòdù tó dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìlà 2,000 lẹ́ẹ̀kan náà, ń sọ ìtàn tirẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi sínú ohun tí gbogbo ayé lè rí. Ohun tí ẹ bá yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ sọ ọ́: àṣẹ MIT ní kí ẹ fi orúkọ oníṣẹ́ sílẹ̀ níbi tó wà, àṣẹ GPL ní kí ẹ fún ẹni tó gba ẹ̀rọ náà ní kóòdù rẹ̀. Kóòdù tí ẹ ní kí ẹ̀rọ AI kọ fún yín náà wà lára ohun tí ẹ máa sọ. Adájọ́ á na ìka sí ìlà kan, á bi ẹni tí kò kọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ máa bá ara yín ṣe èyí ní ilé.

Òfin kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà gbọ́ títí á fi pẹ́ jù. Òfin Patents and Designs Act ti Nàìjíríà, ti ọdún 1970, fún oníṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ pátẹ́ǹtì fún ọdún 20 láti ọjọ́ tó fi ìwé sílẹ̀, bó bá ń san owó ọdọọdún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun ní ọjọ́ yẹn, ohun tí ẹ bá sì ti fi han gbogbo ayé, níbikíbi láyé, kì í ṣe tuntun mọ́. Òfin yọ̀ọ̀da oṣù 6 fún ohun tí oníṣẹ́ fi hàn níbi àfihàn àgbáyé tí ìjọba mọ̀ sí. Ìdíje ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀kan. Nítorí náà, bí ohun kan bá wà nínú iṣẹ́ yín tí ẹ rò pé ó tó pátẹ́ǹtì, ẹ fi ìwé sílẹ̀ ní Àbújá kí ẹ tó gun orí pèpéle, tàbí kí ẹ fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ láìsọ bó ṣe ń ṣe é. Kóòdù ní tirẹ̀ kò ní ìyọnu yẹn. Òfin Copyright Act ti 2022 dáàbò bò ó láti ìgbà tí ẹ ti kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò pátẹ́ǹtì, ká sọ òótọ́. Ẹ kàn má jẹ́ kó jẹ́ àìmọ̀ ló yan fún yín.

Ó wá ku ọjọ́ náà gan-an. Òkìtì kòkó gba ọjọ́ 6, àkókò tiyín kò sì lè ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Ẹ kọ ipò ìfihàn sínú kóòdù tó máa wọn ooru ní ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì dípò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì sọ fún adájọ́ pé ipò ìfihàn ni. Ẹ gbé fúláàsì omi gbígbóná àti ife yìnyín dání. Ọ̀pá irin kì í tètè gbóná, nítorí náà ẹ tì í bọ omi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kó lè ti dé ibi tó ń lọ nígbà tí ẹ bá yíjú sí i. Ẹ má gbójú lé Wi-Fi gbọ̀ngàn, ẹ má sì gbójú lé iná ìjọba. ESP32 kì í rí Wi-Fi 5 GHz, 2.4 nìkan ló mọ̀. Fóònù tí ẹ fẹ́ fi ṣe hotspot gbọ́dọ̀ wà lórí 2.4, kí ẹ sì ti dán an wò kí ẹ tó kúrò nílé. Bátìrì kejì tó ti gba ṣáájì, káàdì ìrántí kejì, wáyà USB méjì, mítà, irin lẹ́ẹ̀dì kékeré, téèpù: inú àpò kan ni gbogbo wọn, ẹnì kan ló sì ń gbé e.

Bí ẹ̀rọ bá kú lójú adájọ́, ẹ má ṣe dúró ti í, kí ẹ̀yin mẹ́rin máa fọwọ́ kan wáyà. Ẹnì kan á gbé e kúrò lórí tábìlì, á so bátìrì kejì mọ́ ọn, á sì fi mítà wo ẹsẹ̀ 3.3V kó tó wo ohun mìíràn. Ẹnì kejì á sọ fún adájọ́ ohun tí wọ́n rò pé ó ṣẹlẹ̀, á ṣí ìwé ìdánwò ọjọ́ 3, á máa ka nọ́ńbà inú rẹ̀ lọ. Àwọn yòókù á jókòó.